Omi Ẹ̀ẹ̀kejì

Bí wọ́n bá ní ògiri létí, mi ò ní í jiyàn,
ṣùgbọ́n igbó páìnì tó wà lẹ́yìn ilé Hilkka,
etí tirẹ̀ pọ̀ ju ti ògiri lọ.
Oṣù Karùn-ún ló máa ń yọ wọ́n síta,
nígbà tí yìnyín ìkẹyìn bá yọ́ tán nínú kòtò,
tí adágún ṣẹ̀ṣẹ̀ lajú.

Olú-etí là ń pè é níhìn-ín, ní Savo.
Lójú tèmi kò jọ etí rárá:
ó jọ ọpọlọ àgùntàn tí ẹnì kan gbàgbé sórí iyanrìn,
ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ká kò.

Hilkka àbúrò mi kì í gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́.
Ó ti ju ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ rẹ̀ sínú agolo bọ́tìnnì,
ó ní ariwo nìkan ló ń kó wọlé, kì í kó ọ̀rọ̀.
Ọwọ́ ló fi ń gbọ́ igbó.
Ó kúnlẹ̀ síbi tí táyà ọkọ̀ àwọn agégi ti fa ilẹ̀ ya
(ibi tí ilẹ̀ bá ti gbọgbẹ́ ni olú yìí fẹ́ràn),
ó fi ìka tú ewé páìnì gbígbẹ,
ó ní, "Ọ̀kan rèé. Dákẹ́."
Bẹ́ẹ̀ mi ò sọ nǹkan kan.

Ọ̀bẹ Tauno ọkọ rẹ̀ ló fi ń gé e nídìí,
èèkù ọ̀bẹ náà ti jẹ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí kò sí mọ́.
Ó ń fẹ́nu fẹ́ iyanrìn kúrò lára olú
bí ìgbà tí ẹ̀fúùfù bá da eruku sójú ọmọ.
Apẹ̀rẹ̀ kò ju ìdajì lọ. A ní ó tó.

Nígbà tí a délé, ó ṣí fèrèsé méjèèjì,
ó lé ológbò síta.
Olú yìí dùn, ṣùgbọ́n apànìyàn ni,
ooru rẹ̀ pàápàá kò ṣe é fà símú.
Kó hó nínú omi púpọ̀, kí o da omi nù, kí o ṣan án.
Kí o gbé omi mìíràn kaná,
kó hó, kí o dà á nù, kí o ṣan án.
Ẹni tó bá sè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo
kó ránṣẹ́ pe àlùfáà kó tó pe àlejò.
Ìyá wa ló fi kọ́ wa, pẹ̀lú ìfọ́tí.

Mo jáde lọ kó igi ìdáná. Mi ò pẹ́.
Mo padà, mo bá a lórí ìdúró, asẹ́ lọ́wọ́,
ooru ti bo awò ojú rẹ̀ funfun.
"Kerttu," ó ní.
Kerttu ni ẹ̀gbọ́n wa tí a sin ní ìgbà òtútù.
"Kerttu, omi kìíní ni mo dà nù yìí, àbí èkejì?"

Mo wo ìkòkò. Ìkòkò ò sọ.
Mo wo ihò ìdaminù. Èyí tó lọ ti lọ.
Olú wà nínú asẹ́, ó rọ̀ jọ̀bọ̀, etí bí ogójì,
gbogbo wọn ló gbọ́, ọ̀kan ò jẹ́rìí.

Ǹ bá ní, "Èkejì ni, jókòó."
Ǹ bá ní, "Èmi kọ́ ni Kerttu."
Mo bu omi sí ìkòkò.
Mo súnmọ́ etí ọ̀tún, èyí tó ṣì ń gbọ́ díẹ̀,
mo pariwo pé, "Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti oókan."

Mo mú bọ́tìnnì dúdú kan nínú agolo,
mo gbé e sẹ́nu fèrèsé. Omi hó, a dà á nù.
Mo tún gbé funfun kan tì í. Omi hó, a dà á nù.
Lẹ́yìn náà ni bọ́tà, àlùbọ́sà, ọ̀rá wàrà,
ànàmọ́ sísè tí èèpo ṣì wà lára rẹ̀.

Ó tọ́ ọ wò. Ó yínmú.
"O ti fọ adùn rẹ̀ lọ," ó ní.
Ó sì jẹ àwo méjì.

Alẹ́ lẹ́, ilẹ̀ kò ṣú, bó ti máa ń rí níbí.
Mo ń nu àwo nígbà tí mo rí i lẹ́nu fèrèsé,
ó ń fi ìka kan àwọn bọ́tìnnì náà:
oókan, eéjì.
Ó dúró díẹ̀.
Ó tún kà á.